Síìmù Tí Mo Gbà Bọ̀ Láti Lòmé

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí ìyá mi ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà wọn, àdúrà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí bàtà mi. Àdúrà náà gùn. Èmi onítẹ̀bọmi, tí mo ti gbà láti kékeré pé Ọlọ́run kì í ṣe adití, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo sì ń fi ojú kan wo aago. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fa ọ̀já kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, ọ̀já àtijọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti ká dáadáa, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Ti Àdùkẹ́ nìyí," wọ́n ní. "Òun ni mo fi pọn Káyọ̀dé. Sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má fi nu ilẹ̀ o."

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Káyọ̀dé àti ẹni tó ń jẹ́ Àdùkẹ́. Káyọ̀dé ni àbúrò mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa. Wẹ́dà ni, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íbàdàn dojú dé, ó kó lọ sí Lòmé, olú ìlú Tógò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣooṣù ló ń pè wá. Nígbà tó yá, ó di pé àwa là ń pè é. Nígbà tó tún yá, a pè títí, kò gbé e. Lẹ́yìn náà láìnì rẹ̀ kò tilẹ̀ wọlé mọ́ fún bí ọdún kan. Síbẹ̀, ìyá mi kò yé pè é. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á gbé fóònù kékeré wọn fún mi pé kí n tẹ nọ́ńbà Káyọ̀dé.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, láìnì náà ṣàdédé wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ń sọ èdè kan tí kò yé wa. Ìyá mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n pariwo orúkọ Káyọ̀dé, wọ́n sunkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nítorí wọn kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, obìnrin náà ní, "Àmín." Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Èmi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó yẹ kí n máa ro ọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́, mo dáhùn wàrà pé, "Ìyàwó rẹ̀ ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi di ẹni tó ní ìyàwó ọmọ ní Lòmé. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbàdúrà, obìnrin náà á ṣe àmín, á sì fi "Màmá" kún un. Káyọ̀dé kò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ní ó lọ síbi iṣẹ́. A ní ojú ló ń tì í nítorí pé kò rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé. Ní ọdún tó kọjá, a gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú fóònù náà. Ìyá mi dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n jó yí àga po. Wọ́n ní igbe ọmọbìnrin ni, wọ́n sì fún un ní oríkì lójú ẹsẹ̀: Àdùkẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí àmín bá ti parí, wọ́n á ní kí obìnrin náà gbé fóònù sí etí ọmọ, bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá, wọ́n á sì máa pe, "Àdùkẹ́ mi, Àdùkẹ́."

Ọyẹ́ ọdún yìí mú ìyá mi gan-an. Ẹsẹ̀ wọn wú, oúnjẹ kò lọ. Ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní àwọn ti lé lọ́gọ́rin, àwọn kò bẹ̀rù ikú, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn Káyọ̀dé kí àwọn tó lọ. "Lọ wá a fún mi, Àyìndé," wọ́n ní. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọ̀.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Akanran, láàárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́. Ọ̀kadà gba ẹgbẹ̀rin náírà lọ́wọ́ mi dé Akanran, ó sì fi gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà hàn mí. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ máíkírà, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, adìyẹ méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, a gba Ọlọ́runṣògo wọ ìgboro. Ọkọ̀ òfurufú ń gbéra ní Alákíà, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kì í gun òkè. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sí Èkó, mo tún wọ òmíràn lọ sí Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n wo ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára mi, mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó jókòó pẹ̀lú báàgì lórí itan. Oòrùn ti wọ̀ mí lára nígbà tí mo fi sọdá, kò sì sí inú dídùn kankan nínú mi. Ohun tí mò ń rò ni ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ fún Káyọ̀dé, bóyá ìbáwí ni tàbí ìkíni.

Ní Kútọnu, mo wọ táksí tó ń lọ sí Lòmé, ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà. Ọmọ Sákẹ́tẹ́ ni awakọ̀ náà, ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tirẹ̀ ń gba imú jáde. Nígbà tó rí i pé mò ń tẹ fóònù, ó kígbe.

"Bàbá, ẹ yọ láìnì Nàìjíríà yẹn o! Tí ẹ bá fi pe ilé lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn padà."

"Kí ni kí n wá fi pè?"

"Ẹ ra píìsì ní Lòmé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ sáà mú ìwé ìrìnnà yín dání."

Píìsì ni wọ́n ń pe síìmù ní gbogbo ọ̀nà yẹn, Faransé ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo yọ láìnì Nàìjíríà mi, mo wé e sínú bébà, mo sì rí i pé mo ti di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè pè mọ́. Òkun ń bẹ lápá òsì wa, ó dúdú, kò dákẹ́. Lójú ọ̀nà, inú ìgò ni wọ́n ti ń ta epo bẹntiróòlù, bí àwa ṣe ń ta epo pupa nílé. Búrẹ́dì wọn gùn bí ọmọ odó, ó sì le lẹ́yìn. Mo ra ẹyọ kan, n kò jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Lòmé. Mo gba yàrá kan nílé àlejò, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sẹ́fà, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọkà àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń pè ní gbómà, ó korò díẹ̀, ẹja inú rẹ̀ sì pọ̀. Ní ilé, ẹni tó bá dá jẹun láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, a ó ní nǹkan ń ṣe é. Níbẹ̀, mo dá jẹun, mo dá palẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó wojú mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá títì, tó ń ta síìmù. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Gánà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Ó ya fọ́tò ìwé ìrìnnà mi, ó ya èmi náà, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà, ó sì fi owó ìpè ẹgbẹ̀rún kan sí i fún mi. Wàhálà tí mo ṣe kí láìnì tèmi nílé tó bá nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi mu, n kò rí ìdá kan rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún mi.

"Bàbá, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lò ó, orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn."

"Kí ni kó sùn?"

"Tí ẹ ò bá fi owó sí i, tí ẹ ò sì fi pe ẹnikẹ́ni fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á gbà á padà. Wọ́n á tún nọ́ńbà náà tà fún ẹlòmíràn."

Mo bi í pé ṣé wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

"Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?" ó ní. "Ẹni tó bá wà, á ti fi pè."

Gbogbo ohun tí mo wá wá dé Tógò ti yé mi níbẹ̀, lábẹ́ agboòrùn, ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti jẹ́ kó yé mi. Mo tẹ nọ́ńbà Káyọ̀dé. Ó wọlé kíá, ó sì mọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń dún. Ohùn tó ń ṣe àmín fún ìyá mi lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ló ní, "Aló?" Mo gbé fóònù fún ọkùnrin náà pé kó bá mi bá a sọ ọ́ ní èdè wọn, èdè Éwé. Wọ́n sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ń wo ojú mi.

"Ó ń béèrè pé ṣé ẹ mọ ìyá àgbà Nàìjíríà tó máa ń pè é lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Sọ fún un pé ọmọ wọn ni mí. Ní kó gbé fóònù fún Káyọ̀dé."

Ó sọ ọ́. Ó gbọ́ èsì rẹ̀. "Ó ní kí ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Káyọ̀dé."

Ọlọ́kadà ló gbé mi lọ. Zémíjàn ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, akóto sì wà lórí olúkúlùkù wọn, ti ilé wa ni kò bìkítà. Obìnrin náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá kan tí iyanrìn òkun kún inú rẹ̀. Afí lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi, èédú tó ń tà ti wọ inú èékánná rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Wóèzọ̀," ìyẹn ni ẹ káàbọ̀, ó sì kọ́ mi pé "Yóò" ni kí n fi dáhùn. Ó bu omi fún mi, ó dúró kí n mu ún tán kó tó bi mí ní ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ní ti àwa, bí àlejò ṣe ń mu omi lọ́wọ́ la ti ń bi í pé kí ló dé.

Afí ti ta ọjà rí ní Àfláò, ní ìhà Gánà, nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó sọ fún mi pé abẹ́ agboòrùn lòun náà ti ra síìmù yẹn. Kò lò ó pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá mi fi pè.

"Mo rò pé wèrè ni," ó ní. "Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé wọ́n ń sunkún. Mo wá gbọ́ àmín nínú rẹ̀. Àwa náà máa ń ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bá ṣe é."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wa pé kì í ṣe nọ́ńbà ẹni tí à ń wá?"

"Èdè wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Ó ṣí ọ̀já ọmọ rẹ̀ — kì í ṣe ọ̀já gan-an, ìró méjì ni wọ́n fi ń pọnmọ níbẹ̀, wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ inú ara wọn láìsí okùn kankan — ó sì gbé ọmọ náà sí itan. Ó ní ìyá òun kú nígbà tí òun kéré. Bàbá ọmọ yìí lọ sí Àkrá, kò padà. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó ń dìídì wá òun láti gbàdúrà fún òun, àfi ìyá yẹn. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun kì í jẹ́ kí iná fóònù òun kú.

"Wọ́n máa ń pe orúkọ kan sí etí ọmọ yìí," ó ní. Ó wo ọmọ náà, ó pè é, ohùn rẹ̀ kò rí bí tiwa rárá, ṣùgbọ́n ó yé mi: "Àdùkẹ́." Ọmọ náà yíjú sí i. "Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo sọ fún un pé ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń du láti kẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo fa ọ̀já ìyá mi yọ, mo fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn án. N kò sọ ẹni tí wọ́n fi pọn tẹ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìbànújẹ́ bá mi débi pé ọmọ náà fà mí ní ìka, n kò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo mọ̀ ni orúkọ àdúgbò tí Káyọ̀dé ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, Afí fi èédú rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi láti bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀. A rí àwọn wẹ́dà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀gá wọn, bàbá kan tó ní ojú kan, rántí "Káyọ̀." Ó ní ó mọ iṣẹ́. Ó ní ọdún kẹta rèé tó ti rù, tó ń wúkọ́, tó wá ní òun fẹ́ bá ọkọ̀ ńlá lọ sí òkè, sí Sọ̀kọ̀dé, nítorí iṣẹ́ géètì kan. Kò padà wá. Onílé rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó ta irinṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn aṣọ tó fi sílẹ̀.

Mo ní kí Afí bi í pé ṣé ó rò pé Káyọ̀dé ṣì wà láàyè. Bàbá náà gbọn iyanrìn kúrò lára irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan. Afí túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní wẹ́dà kì í fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta."

Mo ronú nípa Sọ̀kọ̀dé. Ó jìnnà, n kò mọ ọkọ̀ wo, n kò mọ géètì ta ni, owó mi sì ti ń lọ sí ìsàlẹ̀. Mo lè wí àwíjàre títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ lọ sílé.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe mi ni mo fẹ́ sọ báyìí. Àwa Yorùbá, tí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀, a máa ń mú irun àti èékánná rẹ̀ wálé, kí a lè rí nǹkan sin, kí ilé má baà ṣófo. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà náà, mo wo ọwọ́ mi. N kò ní irun Káyọ̀dé, n kò ní èékánná, aṣọ rẹ̀ ti wà lára ẹlòmíràn. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló kù, ó sì wà nínú fóònù obìnrin tó dúró tì mí yìí. Mo ní kó fún mi ní síìmù náà.

Afí wò mí. "Ta ló máa dá Màmá lóhùn lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"N ó sọ òótọ́ fún wọn," mo ní. Ohùn ọ̀gá ilé-ìwé ni mo fi sọ ọ́. "Kò dára kí a máa tan àgbàlagbà jẹ. Bàbá wọn kọ́ wọn, Bíbélì kọ́ wọn, òótọ́ ni wọ́n fẹ́."

"Mi ò tàn wọ́n jẹ," ó ní.

Mo ní mo mọ̀. Mo ṣàlàyé irun àti èékánná fún un. Ó gbọ́ ọ, ó sì mi orí, nítorí pé nǹkan tó jọ ọ́ wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ó fi ẹnu yẹtí rẹ̀ tú fóònù, ó yọ síìmù náà, ó wé e sínú bébà ṣúgà, ó fi sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. N kò rò ó rárá pé gbogbo oníbàárà èédú rẹ̀ ló mọ nọ́ńbà yẹn. N kò lè fún un ní tèmi, nítorí pé orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà pé kó ra òmíràn, mo kọ nọ́ńbà Nàìjíríà mi sórí bébà fún un. Ó mú un, kò wò ó. Nígbà tí zémíjàn gbé mi lọ, mo bojú wẹ̀yìn, ó ti pọn ọmọ padà, ọ̀já ìyá mi ló fi sán an.

Òjò ló bá wa ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀. Táksí wa bàjẹ́ ṣáájú Kútọnu, a dúró fún wákàtí mẹ́ta lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan. Ní Sẹ̀mẹ̀, mo yọ síìmù Tógò tèmi, mo fi ti Nàìjíríà padà. Owó ìpè ṣì kù lórí rẹ̀, kò wúlò fún mi mọ́. Mo ka ara mi sí ẹni tó ṣe ohun tó yẹ: mo lọ, mo wádìí, mo mọ òótọ́, mo sì ń mú nǹkan bọ̀ wálé. Inú mi bàjẹ́ nítorí àbúrò mi, ṣùgbọ́n mo ń yin ara mi díẹ̀díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo dé abúlé. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí i pé èmi nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo jẹun. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti nọ́ńbà tí wọ́n gbà padà tí wọ́n tún tà, ti Afí, ti bàbá olójú kan, ti Sọ̀kọ̀dé. Mo ní ẹnikẹ́ni kò rí òkú rẹ̀ o, kò sí ẹni tó lè búra. Mo tú bébà ṣúgà náà, mo gbé síìmù sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ fìtílà.

"Káyọ̀dé nìyí?"

"Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, Màmá."

Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n wọlé lọ. Láti yàrá mi, mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń pe oríkì Káyọ̀dé lóhùn kékeré, "Àkànní, Àkànní," títí mo fi sùn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, olúkúlùkù láti tirẹ̀. Ojú wọn ti wú, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sórí àga wọn bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì na fóònù kékeré sí mi.

"Pè é fún mi."

"Kí n pe ta ni, Màmá?"

"Ìyá Àdùkẹ́."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí. Mo ní mo ti sọ fún wọn lánàá pé kì í ṣe ìyàwó Káyọ̀dé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" wọ́n ní. "Ìyàwó wo ló máa gbé fóònù fún odidi ọdún méjì, tí ò ní gbé e fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Káyọ̀dé ni mi ò mọ ibi tó wà. Ọmọbìnrin yẹn, mo mọ ibi tó wà. Pè é, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní nọ́ńbà náà kò lè wọlé mọ́. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo mú bébà ṣúgà jáde nínú àpò mi, mo gbé e sórí tábìlì.

"Èyí tí mo fi hàn yín lánàá ni nọ́ńbà náà, Màmá. Òun kan náà ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, tí mo bá ti rí ohun tí kò tọ̀nà nínú ìwé ọmọ, bírò pupa ni. Ó gba kí n lọ sí Tógò kí n tó mọ̀ pé nǹkan kan lè má tọ̀nà, kó sì jẹ́ òun ló gbé ènìyàn ró. Mo sọ fún ìyá mi pé mo kọ nọ́ńbà mi fún un, pé ó máa pè. Títí di ọjọ́ tí mò ń kọ èyí, kò pè. Ìyá mi fi ìka kan ti bébà náà síwájú mi, díẹ̀, bí ẹni tó ti yó tó ń ti àwo oúnjẹ kúrò.

"Mo ní kí o lọ wá Káyọ̀dé fún mi, Àyìndé," wọ́n ní. "O ò rí i, mi ò bá ọ jà. Ta ló wá ní kí o gba Àdùkẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn kì í gbé fóònù fún mi mọ́.